Púùlù ilé tó di àwọ̀ ewé: HTH, jíìkì, álọ́ọ̀mù, copper sulphate, àbí ká da omi nù?

Ẹ béèrè ní Ìlọrin ohun tí wọ́n fi ń pa ewédò tó ń sọ omi púùlù di àwọ̀ ewé, oríṣiríṣi lẹ ó gbọ́. Ẹni tó ń ta kẹ́míkà á ní HTH, ìyẹn kílórínì oníyẹ̀fun, ni. Ẹni tó ń fọ púùlù á ní copper sulphate ló dájú, pé tó bá di ọ̀la omi á ti mọ́. Ìyá ilé á rántí pé álọ́ọ̀mù ló ń mú omi kànga tòrò, kí ló dé tí kò fi ní mú ti púùlù tòrò? Mẹ́gàdì á ní kí wọ́n kúkú fà á gbẹ, kí wọ́n pe táńkà. Ẹnìkan kò sì ní ṣàì sọ pé kí wọ́n kó ẹja àrọ̀ sí i, kó yé ná wọn lówó. Yàtọ̀ sí ti ẹlẹ́ja yìí, kò sí èyí tí kò ní ibi tó ti wúlò nínú wọn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú ni pé iṣẹ́ wọn kò papọ̀: òmíràn ń pa ewédò, òmíràn ń kó òkú rẹ̀ nílẹ̀, òmíràn kàn ń dí i lọ́wọ́ kó má tún hù ni.

Agbára oògùn kọ́ ni mo fi ṣáájú nínú ìfiwéra yìí. Ewédò tí wọ́n ní ó lóríkunkun, ọ̀pọ̀ ìgbà ni oògùn tó lè pa á ti wọ inú omi náà rí. Kò kàn pẹ́ níbẹ̀ tó. Wọ́n á da kílórínì sí i ní àárọ̀ Sátidé, oòrùn ọ̀sán á fà á tán, ìyókù ewédò tó sá pamọ́ sí ẹ̀yìn àkàbà á tún gbèrú. Tó bá di Sátidé tó tẹ̀ lé e, ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n tún wà. Nítorí náà, ìbéèrè tí mo fi ń dá wọn mọ̀ ni pé: èwo lẹ lè mú kó dúró nínú omi yín títí iṣẹ́ fi máa parí, pẹ̀lú irú iná tí ẹ ń rí àti oòrùn tó wà lórí yín?

Kí ìṣirò lè rọrùn, púùlù kan náà ni màá lò láti òkè délẹ̀: mítà 8 ní gígùn, mítà 4 ní fífẹ̀, kí ìjìnlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 1.5 tí a bá fi ti ibi jíjìn àti ti ibi tí kò jìn kún ara wọn tí a pín in dọ́gba. Ìyẹn jẹ́ lítà 48,000. Bí ti yín bá jẹ́ ìdajì èyí, ẹ pín gbogbo ìwọ̀n sí méjì.

Ṣé ewédò ni lóòótọ́?

Omi bọ́ọ̀hóòlù ni wọ́n fi ń kún ọ̀pọ̀ púùlù ilé níbí, omi bẹ́ẹ̀ sì lè gbé irin tó yọ́ wá láti inú àpáta. Bí kílórínì bá ti kan irin yẹn, omi lè di àwọ̀ ewé tàbí kó pọ́n bíi tíì. Ẹni tó bá wá ń da kílórínì lé irin lórí pé òun ń pa ewédò, owó ló ń dà nù.

Ẹ bu omi púùlù sínú korobá funfun. Bí ó bá ní àwọ̀ ewé ṣùgbọ́n tó mọ́ gaara, tí ẹ rí ìdí korobá kedere, ẹ fura sí irin, tàbí copper tí ẹnìkan ti dà sí i sẹ́yìn. Bí omi bá ṣókùnkùn, tí ògiri púùlù ń yọ̀, tí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó tí nǹkan tú jáde bí èéfín, ewédò nìyẹn. Ẹ wá bu HTH bíńtín sínú korobá náà, ẹ rò ó pọ̀, ẹ fi sílẹ̀ dọjọ́ kejì. Ewédò á kú, omi á fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun tàbí kó rí bí eérú. Irin á pọ́n. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ níwájú, ti ewédò ni. Bí korobá yín bá pọ́n, ẹ má tíì ra ohunkóhun nínú ohun tí mo fẹ́ kà sílẹ̀ yìí.

Ohun kan tún ṣáájú oògùn: ẹ kó ewé kúrò. Ewé máńgòrò àti dóńgóyárò tó ti jẹrà sí ìsàlẹ̀ máa ń jẹ kílórínì kí ewédò tó rí èyí tó kàn án. Ẹ fi àwọ̀n kó o, kódà bí ẹ kò bá rí ìsàlẹ̀, ẹ máa fà á lórí ilẹ̀ púùlù títí kò fi ní gbé nǹkan jáde mọ́.

Kílórínì mẹ́rin lórí àtẹ kan náà

Iṣẹ́ kan náà ni mo gbé fún wọn: kí wọ́n fi kílórínì 10 mg/L (mílígíráàmù 10 nínú lítà omi kọ̀ọ̀kan) kún omi lítà 48,000. Kílórínì gidi tí ìyẹn gbà jẹ́ gíráàmù 480. Ẹ wo bí ìwọ̀n ṣe yàtọ̀ síra:

| | HTH 65% | Kílórínì olómi 12% | Jíìkì 3.5% | Tábúlẹ́ẹ̀tì trichlor 90% |
|---|---|---|---|---|
| Èyí tí ẹ ó lò | bíi gíráàmù 740 | bíi lítà 4 | bíi lítà 14 | bíi gíráàmù 530 |
| Ohun tó ń fi sílẹ̀ sínú omi | kálísíọ̀mù | iyọ̀ | iyọ̀ | cyanuric acid (CYA), bíi 6 mg/L |
| Ìpamọ́ | ó pẹ́ bí ọ̀rinrin kò bá kàn án | ooru ń dín agbára rẹ̀ kù | ooru ń dín agbára rẹ̀ kù | ó pẹ́ |
| Fún omi tó ti di ewé | bẹ́ẹ̀ ni | bẹ́ẹ̀ ni, bó bá jẹ́ tuntun | púùlù kékeré ọmọdé nìkan | rárá |

HTH ni èmi máa kọ́kọ́ nawọ́ sí ní Ìlọrin. Kì í ṣe torí pé ó sàn ju olómi lọ nínú omi. Kílórínì ni kílórínì bó bá ti wọ inú púùlù. Ooru wa ni. Kílórínì olómi tó ti jókòó sínú kẹ́ẹ̀gì nínú ṣọ́ọ̀bù láti oṣù kìíní títí di oṣù kẹrin, ẹnikẹ́ni kò lè sọ iye agbára tó kù nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé ó dán an wò. Bí ẹ bá mọ ibi tí wọ́n ti ń pò ó tàbí tí ọjà ti ń yára tà, ẹ rà á, torí kò ní kálísíọ̀mù, kò sì ń rú omi. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, HTH.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ HTH tí wọ́n bá wọ̀n fún yín sínú ọ̀rá. Bí ó bá ti ń dì mọ́ra, tó lọ́rinrin, agbára rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Èyí tó wà nínú ike tí wọ́n kò tíì ṣí ni kí ẹ wá, kódà bí ó bá wọ́n díẹ̀.

Jíìkì, ẹ ti rí i: lítà 14 fún ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, a ó sì máa dà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí púùlù ọmọdé tí ẹ ń fẹ́ ní atẹ́gùn ni ẹ ní, ó tó bẹ́ẹ̀. Kó má jẹ́ èyí tó lóòórùn dídùn tàbí tó nípọn, kí ẹ sì ka ara ìgò kí ẹ mọ̀ bóyá 3.5% ló wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Tábúlẹ́ẹ̀tì trichlor ló ní ìdá kílórínì tó pọ̀ jù, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi rò pé òun ló máa pa ewédò jù. Ó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, ọjọ́ mélòó kan ni kí ẹyọ kan tó yọ́ tán. Ewédò ti bí sí i ṣáájú ìgbà yẹn. Ìṣòro rẹ̀ gan-an wà nínú ohun tó ń fi sílẹ̀: cyanuric acid, tí wọ́n ń gé kúrú sí CYA. CYA ń bo kílórínì lọ́wọ́ oòrùn, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n kì í gbẹ, oòrùn kì í jẹ ẹ́, inú omi ló ń kó ara rẹ̀ jọ sí. Púùlù tó ń lo 2 mg/L lójúmọ́ láti inú tábúlẹ́ẹ̀tì nìkan á ti ní CYA tó ju 100 lọ láàárín oṣù mẹ́ta, ìyẹn kí ẹ̀ẹ̀rùn kan tó parí. Bí CYA bá sì ṣe ń pọ̀ ni kílórínì ṣe ń yọ̀lẹ. Tábúlẹ́ẹ̀tì wúlò fún ìtọ́jú omi tó ti mọ́, pàápàá bí ẹ bá fẹ́ rìnrìn àjò ọ̀sẹ̀ kan. Kò ní iṣẹ́ kankan nínú omi tó ti di ọbẹ̀.

Ewu tó wà níbẹ̀, màá sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀. HTH àti trichlor kò gbọdọ̀ kan ara wọn ní gbígbẹ, ì báà jẹ́ inú korobá kan náà tàbí ṣíbí kan náà. Wọ́n lè gbiná tàbí kí wọ́n bú gbàù. Kílórínì èyíkéyìí àti ásíìdì (àti Harpic náà, ásíìdì ni) á di gáàsì tó ń pa ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ da HTH sínú korobá tó ti kún fún omi. Ẹ má da omi lé HTH lórí. Ẹ sì kó o kúrò nínú yàrá mẹ́gàdì níbi tí kẹ́ẹ̀gì bẹtiróòlù àti ọ́ìlì jẹnẹrétọ̀ wà, torí bí ọ́ìlì bá kan HTH, iná lè ṣẹ́ láìsí ìṣáná.

Bí ẹ ṣe máa mú kó dúró

Ibí ni púùlù tó ń mọ́ àti èyí tí kì í mọ́ ti ń pínyà, ẹni tó bá sì máa ka apá kan ṣoṣo nínú ìfiwéra yìí, kó ka ibí.

pH, ìyẹn òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan tó, ni àkọ́kọ́; bó bá ṣe kéré tó ni omi ṣe kan tó. Nínú omi tí kò ní CYA, bí pH bá jẹ́ 7.2, bíi ìdá méjì nínú mẹ́ta kílórínì yín ló ń ṣiṣẹ́ pípa. Ní 7.5, ìdajì. Ní 8.0, ìdá kan nínú mẹ́rin. Omi tí ewédò bá pọ̀ nínú rẹ̀, pH rẹ̀ sábà máa ń gòkè fúnra rẹ̀, torí ewédò ń fa káríbọ́ọ̀nù jáde láti inú omi bí ó ṣe ń jẹun lójú oòrùn. Ẹni tó da HTH kílò kan sínú omi pH 8 ti fi èyí tó pọ̀ jù nínú agbára rẹ̀ ṣòfò. Ẹ fi ásíìdì púùlù rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ dé 7.2, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa dán an wò lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Ẹ ṣe é kí ẹ tó fi kílórínì sí i, torí bí kílórínì bá ti kọjá 10 mg/L, àwọ̀ tí kíìtì ìdánwò ń fi hàn fún pH kò ṣeé gbára lé mọ́.

Lẹ́yìn náà, oòrùn. Bí CYA kò bá sí nínú omi rárá, oòrùn ọ̀sán lè jẹ ju ìdajì kílórínì lọ láàárín wákàtí kan. Ìdí nìyẹn tí dída kílórínì láàárọ̀ kò fi bọ́gbọ́n mu fún ẹni tí kò ní CYA. Lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbì ni kí ẹ dà á, kí ó ní òru gbogbo láti ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá rí CYA rà lọ́tọ̀, bíi kílò kan àbọ̀ á gbé omi wa dé 30 mg/L, ó tó.

Ìwọ̀n tí ẹ máa dì mú ń tẹ̀ lé CYA: bíi ìdá 40 nínú 100 rẹ̀. CYA 30, ẹ di kílórínì 12 mg/L mú. CYA 50, 20 mg/L. CYA 100 ńkọ́? 40 mg/L, tó túmọ̀ sí HTH tó sún mọ́ kílò mẹ́ta kí ẹ tó débẹ̀, kí oòrùn tó jẹ ẹ̀kan. Ẹ rí ìdí tí mo fi ń bá tábúlẹ́ẹ̀tì jà. Bí kò bá sí CYA, 10 mg/L tó.

Ọ̀rọ̀ náà ni "dì mú". Ewédò máa jẹ kílórínì ọjọ́ àkọ́kọ́ tán. Ìyẹn kì í ṣe àmì pé oògùn kò ṣiṣẹ́. Ẹ dán an wò ní alẹ́, ẹ dá a padà sí ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ dán an wò láàárọ̀, bí CYA bá wà nínú omi yín, ẹ tún dá a padà. Ẹ máa gbo ògiri lójoojúmọ́: ẹ̀yìn àkàbà, abẹ́ àtẹ̀gùn, inú ihò iná, àlàfo àárín táìlì. Omi á kúrò ní àwọ̀ ewé bọ́ sí àwọ̀ eérú, lẹ́yìn náà á di funfun bí omi ògì, kó tó máa mọ́. Nígbà tó bá di omi ògì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dáwọ́ dúró, wọ́n á ní ewédò ti lọ. Kò tíì lọ.

Ẹ̀rí pé ó ti kú tán rọrùn, kò gba ju kíìtì lọ. Ẹ wọn kílórínì lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Ẹ tún un wọ̀n láàárọ̀ bí ẹ bá ti kírun Àsùbáà tán, kí oòrùn tó yọ. Oòrùn kò sí lálẹ́, nítorí náà ohun tó bá dín kù, nǹkan ààyè ló jẹ ẹ́. Bí ó bá dín ju 1 mg/L lọ, ewédò ṣì ń mí níbìkan. Bí kò bá dín tó bẹ́ẹ̀, tí omi sì mọ́, ẹ lè jẹ́ kí kílórínì lọ sílẹ̀.

Nípa kíìtì: èyí tó ń lo tábúlẹ́ẹ̀tì DPD tó ń pọ́n lè tàn yín jẹ. Bí kílórínì bá pọ̀ jù, àwọ̀ pupa yẹn á bó dànù, ẹ ó rò pé kò sí kílórínì rárá, ẹ ó tún dà sí i. Ẹ fi omi bọ́ọ̀hóòlù lú u: ìdá kan omi púùlù sí ìdá mẹ́rin omi bọ́ọ̀hóòlù, kí ẹ wá fi 5 sọ èsì náà di púpọ̀. Kó má jẹ́ omi ẹ̀rọ ìjọba, torí òun náà ní kílórínì tirẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má wọ inú omi títí ẹ fi máa rí ihò ìsàlẹ̀ ibi tó jìn jù kedere láti etí púùlù. Kílórínì nìkan kọ́ ni ìdí. Bí ọmọdé bá rì sínú omi tó funfun bẹ́ẹ̀, ẹni tó dúró létí púùlù kò ní rí i.

Copper sulphate

Ó ń pa ewédò, ó ń yára, kò wọ́n. Oòrùn kì í jẹ ẹ́. Lójú ìwòsẹ̀sẹ̀, òun ló yege jù lórí ìdánwò tí mo gbé kalẹ̀, torí ó ń dúró nínú omi. Ìdúró yẹn gan-an ni ẹ̀sùn mi sí i: kì í lọ mọ́.

Ẹ wo ìṣirò. Ìwọ̀n copper tí púùlù lè gbà láìba nǹkan jẹ́ kò ju bíi 0.3 mg/L lọ. Nínú lítà 48,000, ìyẹn kò ju gíráàmù 57 ti kírísítálì aláwọ̀ aró yẹn lọ, èyí tó kún inú ọwọ́ kan. Ẹni tó da kílò kan sí i ti gbé omi dé bíi 5 mg/L. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fi 2 mg/L ṣe ààlà fún omi mímu. Copper yẹn á máa lẹ̀ mọ́ ògiri bí pH bá gòkè, á fi àbàwọ́n aláwọ̀ ewé tàbí dúdú sílẹ̀ lórí simẹ́ńtì àti láàárín táìlì, àbàwọ́n tí búrọ́ọ̀ṣì kì í mú kúrò. Bí ó bá sì ti wọ inú omi, bí ẹ kò bá da omi nù, kò sí ibi tó ń lọ. Kì í ṣe ohun tí a ń bu sí i ní oṣooṣù.

Èmi ò ní lò ó láti wo púùlù tó ti di ewé sàn. Bí wọ́n bá ti ń lò ó nílé yín, ẹ ní kí wọ́n fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n lójú yín, kí wọ́n má ṣe fi agolo mílíìkì bù ú. Oògùn ewédò inú ìgò, èyí tí kò ní copper, sàn jù, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi kílórínì pa ewédò tán ni kí ẹ tó lò ó, kó lè máa dí i lọ́wọ́. Kílórínì tó pọ̀ máa ń ba ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́.

Álọ́ọ̀mù tàbí fílítà: iná yín ló máa yàn fún yín

Álọ́ọ̀mù kì í pa ohunkóhun. Ó ń kó ìdọ̀tí jọ ni, kó wúwo, kó rì sísàlẹ̀. Ẹni tó bá da álọ́ọ̀mù sí ewédò tó ṣì wà láàyè á rí omi tó mọ́ fún ọjọ́ díẹ̀, ewédò á sì dìde láti ìsàlẹ̀. Nítorí náà, kì í bá kílórínì du ipò. Fílítà ló ń bá du ipò, lórí iṣẹ́ kíkó òkú ewédò jáde.

Bí ilé yín bá wà lórí Band A, tí iná ń dé bí wọ́n ṣe ṣèlérí nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́, fílítà oníyanrìn ni kí ẹ lò. Pọ́ǹpù agbára ẹṣin kan ń jẹ bíi yúníìtì kan ní wákàtí kan. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru títí omi fi máa mọ́. Òkú ewédò á dí yanrìn lójú, nítorí náà bí ọwọ́ aago orí fílítà bá ti fi 8 sí 10 psi ga ju ibi tó wà nígbà tí yanrìn mọ́, ẹ ṣe backwash, ìyẹn ni pé kí ẹ darí omi padà gba inú yanrìn kó lè fọ ìdọ̀tí jáde síta. Ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ó lè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lójúmọ́. Kò sí ohun tó ń dààmú ẹni tó ń tọ́jú púùlù tó èyí, òun ni wọ́n sì ń fò jù.

Bí iná yín bá jẹ́ wákàtí mẹ́rin, tí ẹ kò sì fẹ́ fi jẹnẹrétọ̀ sin òkú ewédò, álọ́ọ̀mù ló kàn. Bíi gíráàmù 50 fún lítà 1,000 kọ̀ọ̀kan, ìyẹn kílò méjì àbọ̀ fún púùlù tiwa. Ẹ yọ́ ọ sínú korobá omi, ẹ wọ́n ọn yí púùlù ká, ẹ jẹ́ kí pọ́ǹpù pò ó fún ìgbà díẹ̀, ẹ wá pa á. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan omi náà di ọjọ́ kejì. Ìdọ̀tí á tẹ́ sísàlẹ̀ bí ẹní. Ẹ rọra fà á jáde síta tààrà. Kó má gba inú fílítà, torí álọ́ọ̀mù á so yanrìn pọ̀. Omi á dín kù bí ẹ ṣe ń fà á, ẹ ti múra láti fi kún un. Ẹ sì tún pH wọ̀n, torí álọ́ọ̀mù ń fà á wálẹ̀.

Ẹni tó bá ní oòrùn lórí òrùlé, ìyẹn sólà, ìwọ̀n bátìrì rẹ̀ ni kó wò. Ọ̀sán nìkan tó fún fílítà bí ọjọ́ bá pọ̀ díẹ̀ fún yín.

Dídà á nù

Ó dà bí èyí tó rọrùn jù. Lítà 48,000 jẹ́ táńkà onílítà 10,000 márùn-ún, kí ẹ tó sọ ti ẹ̀rọ tó máa fa ti àtijọ́ jáde. Ìgbà tí omi ilẹ̀ wà nísàlẹ̀ tó, tí ó fi ṣeé ṣe láìséwu, ni oṣù kejì sí ìkẹta, ìgbà yẹn gan-an sì ni kànga ń gbẹ tí oní-táńkà ń gbé owó lé e. Nígbà òjò, pàápàá oṣù kẹsàn-án tí òjò Ìlọrin ń pọ̀, omi abẹ́ ilẹ̀ lè ti púùlù òfìfo sókè, kí simẹ́ńtì rẹ̀ sán tàbí kí gbogbo rẹ̀ gbéra. Ti fáíbà burú jù. Púùlù tó kún fún omi dọ̀tí kì í léfòó.

Ìgbà méjì péré ni mo máa gbà pé kí wọ́n dà á nù: bí CYA tàbí copper bá ti pọ̀ kọjá ohun tí oògùn lè ṣe, tàbí bí ẹrẹ̀ àti ewé jíjẹrà bá ti nípọn nísàlẹ̀ débi pé àwọ̀n kò gbé e. Lọ́nà méjèèjì, ẹ da ìdajì, ẹ fi omi tuntun kún un, ẹ dán an wò kí ẹ tó da ìyókù. Omi tó di ewé tí kẹ́míkà kò tíì kàn dára fún ọgbà. Èyí tí kílórínì wà nínú rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ sóòrùn fún ọjọ́ díẹ̀ kó tó jáde. Èyí tó ní copper, kó má dé ibi ẹ̀fọ́, kó má sì dé gọ́tà tó ń ṣàn lọ sí odò Asa.

Èwo ni kí ẹ mú?

Ẹni tó ń gbé inú ilé rẹ̀ ní GRA tàbí Taǹkẹ́, tí iná rẹ̀ dára, tí fílítà ń ṣiṣẹ́: pH, HTH lálaalẹ́, búrọ́ọ̀ṣì, fílítà. Kò nílò álọ́ọ̀mù, kò nílò copper. Ẹni tí iná rẹ̀ kò dára: ohun kan náà, ṣùgbọ́n kó fi búrọ́ọ̀ṣì pò ó dípò pọ́ǹpù, kó sì fi álọ́ọ̀mù parí rẹ̀ nígbà tí kílórínì kò bá dín kù lóru mọ́. Ẹni tó ń gba àlejò òpin ọ̀sẹ̀ sílé fún owó: kílórínì olómi tuntun bó bá rí i, torí kì í rú omi bíi HTH, kó sì jẹ́ kí CYA wà ní 30 kí oòrùn má máa jẹ owó rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀.

Èyí tó le jù ni ilé tó wà ní Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán, tí onílé ń gbé Èkó tàbí Àbújá, tó ń wálé nígbà Iléyá tàbí Kérésìmesì. Omi á ti wà níbẹ̀ láti oṣù mẹ́fà, ẹ̀fọn á ti fi ṣe ilé, àkèré á ti bí ọmọ sí i. Iléyá ọdún 2025 bọ́ sí ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà, inú òjò. Iléyá sì ń sún ṣáájú bíi ọjọ́ 11 lọ́dọọdún, kò tíì kúrò nínú òjò fún ọdún díẹ̀ sí i. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á gbẹ kí ẹ tó dé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú: ọ̀sẹ̀ kan fún kíkó ewé àti pH, ọ̀sẹ̀ kan fún HTH, ìyókù fún álọ́ọ̀mù àti kí kílórínì lọ sílẹ̀ dé 1 sí 3 mg/L. Ẹ fi HTH ránṣẹ́ nínú ike tí wọ́n kò tíì ṣí, ẹ fi òṣùwọ̀n kékeré sí i, ẹ sì ra kíìtì méjì. Kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ilé, kó máa ya fọ́tò àwọ̀ tó rí ní alẹ́ àti ní àárọ̀ ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp; bí fọ́tò àárọ̀ bá ti rí bí ti alẹ́, ẹ ní kó lọ ra álọ́ọ̀mù.